Ojú títì ni pálọ̀ wọn

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ ní Ítálì kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá dé Naples, kí n má sùn sí Quartieri Spagnoli, ìyẹn Àdúgbò Àwọn Ará Sípéènì. Ó ní jàgùdà pọ̀ níbẹ̀, pé orí alùpùpù ni wọ́n ti ń já báàgì gbà. Etí mi gbọ́, àpò mi ò gbọ́. Èmi nìkan ni mo dá rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tí a ó jọ dá owó hòtẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni mo sì ti rí bẹ́ẹ̀dì tí agbára mi ká: àwa mẹ́fà nínú yàrá kan.

Pedro de Toledo, tó ń bá ọba Sípéènì ṣàkóso Naples, ló la títì Toledo lọ́dún 1536. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ àdúgbò yìí sí fáwọn ọmọ ogun Sípéènì, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ilé ga lọ́tùn-ún lósì, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Aṣọ sísá kún òkè orí ẹni, omi rẹ̀ a sì máa kán síni lọ́rùn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni *basso*. Yàrá kan ṣoṣo ni, nísàlẹ̀ ilé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sójú títì tààrà. Ìdílé odidi ń gbé ibẹ̀ tòun ti bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù. Yàrá ò gbà wọ́n, ni àga wọn fi wà níta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mò ń rìn kiri bí ẹni ń wo sinimá, mò ń ya fọ́tò. Màmá kan wò mí títí, ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé gbàgà. Ojú tì mí. Àlejò tó wọ pálọ̀ ìyá mi láì kí i, tó wá ń ya fọ́tò ìkòkò rẹ̀, ṣé omi tútù ni yóò fún un?

Láti ọjọ́ kejì, kíkí ni mò ń kí wọn kiri. "Buongiorno, signora," ìyẹn ẹ káàárọ̀ mà. Nírọ̀lẹ́, ìyá kan ké láti àjà kẹrin, ó ń juwọ́ sí mi. Agbọ̀n ike kan sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn, owó wà nínú rẹ̀, ó fi bébà wé e. Ọmọ onísọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ na búrẹ́dì sí mi, mo gbé e sínú agbọ̀n, mo kó owó fún un. Ìyá fà á sókè. "Osimhen!" ló fi dúpẹ́.

Mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù rárá, ṣùgbọ́n mo gba orúkọ náà. Ọmọ wa ló jẹ góólù 26 nínú líìgì 2022 sí 2023, tí Napoli, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, fi gba ife tí wọ́n ti ń wá láti 1990. Maradona, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Napoli láyé ìgbà yẹn, ṣì ni òrìṣà àdúgbò o. Ara ògiri kan ní Via Emanuele de Deo ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí, fèrèsé ẹnì kan sì wà níbi ojú rẹ̀ gan-an. Èrò tó ń wò ó pọ̀, ṣàṣà lẹni tó ń yà sí òpópónà kejì.

Nípa olè: fóònù nínú àpò iwájú, báàgì sápá ògiri. Nǹkan mi kankan ò sọnù. Èmi ò rò pé ibi tí ìyá mẹ́ta jókòó sẹ́nu ọ̀nà di aago mọ́kànlá òru léwu tó títì ńlá tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì, tẹ́nì kan ò mọ ẹnì kejì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn onílé ti ń sọ *basso* di yàrá tí wọ́n ń fi gba owó lọ́wọ́ àwọn àlejò. Èmi tí mò ń wá bẹ́ẹ̀dì olówó pọ́ọ́kú wà lára àwọn tó ń lé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, màmá tó tilẹ̀kùn yẹn rí báàgì lẹ́yìn mi. Ó sọ nǹkan tí mi ò gbọ́, ó sì fa àga rẹ̀ sẹ́yìn kí n lè ráyè kọjá.