Wàhálà ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà kò parí ní ọdún 2000

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ Y2K ti tán: kọ̀ǹpútà ń kọ ọdún ní nọ́ńbà méjì péré, wọ́n tún un ṣe kí 2000 tó wọlé, ó parí. Kò parí o. Nínú ọ̀pọ̀ ètò ilé-iṣẹ́, ńṣe ni wọ́n sún un síwájú.

Láti sọ ọdún di nọ́ńbà mẹ́rin, wọ́n ní láti tún gbogbo fáìlì tò, kí wọ́n sì tún gbogbo prógíráámù tó ń kà wọ́n kọ. Owó ńlá ni. Ọ̀pọ̀ bá fi nọ́ńbà méjì sílẹ̀, wọ́n ṣòfin lé e lórí. Lórí IBM i, ètò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ láti ọwọ́ IBM, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní AS/400, òfin náà ni pé 40 sí 99 jẹ́ 1940 sí 1999, 00 sí 39 sì jẹ́ 2000 sí 2039. Ẹ wá wo ẹni tó yá owó ilé ní 2016, tí yóò fi ọdún 25 san án. 2041 ni yóò san tán. Ètò náà yóò rí 41, yóò kà á sí 1941. Ẹni tí wọ́n bí ní 1938 ńkọ́? Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò tíì bí i.

Àwọn kan ní ká kúkú sọ ọjọ́ di nọ́ńbà gbọọrọ kan. Ìyẹn gan-an ló dá íméèlì dúró lórí Exchange Server 2016 àti 2019, ètò íméèlì ilé-iṣẹ́ ti Microsoft, lọ́jọ́ kìíní ọdún 2022. Apá tó ń yẹ íméèlì wò fún fáírọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ náà ní 2201010001 (22 ni ọdún, 01 ni oṣù, 01 ni ọjọ́), àyè tó fẹ́ kó o sí kò sì lè gbà ju 2,147,483,647 lọ. Irú àyè kan náà ni ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ fi ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970. Yóò kún ní 19 oṣù kìíní, 2038.

Tí ẹ bá ń kó dátà lọ sínú dátábéèsì tuntun, ẹ lo irú àyè tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọjọ́ gan-an, DATE, ọdún ní nọ́ńbà mẹ́rin: 2041-06-30. Ẹ má so aago mọ́ ọjọ́ ìbí. Agogo méjìlá òru l'Ékòó, mọ́kànlá alẹ́ àná ni ní UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé. Bí ọjọ́ ìbí oníbàárà ṣe ń fi ọjọ́ kan sẹ́yìn nìyẹn.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ wá àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Àwọn ni yóò sọ fún yín bóyá 999999 tó wà ní àyè ọjọ́ túmọ̀ sí “kò lọ́jọ́ ìparí”, tàbí ẹnì kan kàn tẹ̀ ẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè jẹ́ kó kọjá.