Ẹ Rẹ́ Wa Jẹ Tán, Ẹ Tún Fẹ́ Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Epo Lò

Mo ti ní kí n dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ máníjà ilé epo yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò ní Adó-Èkìtì, ẹ bá mi dá sí i, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún.

Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, mo gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà 10 sínú búùtù. Mo mọ kẹ́ẹ̀gì yẹn bí mo ṣe mọ ìkòkò ọbẹ̀ mi. Ibi tí lítà 10 máa ń dé lára rẹ̀, mo ti fi máákà fa ìlà sí i, nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ níbẹ̀. Mo yà sí ilé epo kan lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin tó ń ta epo kọ́kọ́ ní kí n mú owó kẹ́ẹ̀gì wá. Owó kẹ́ẹ̀gì! Ṣé àwọn ló ra kẹ́ẹ̀gì fún mi ni? Mo san án ṣá, torí oòrùn ti ń mú. Ó ki ẹnu họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, nọ́ńbà ń sáré lójú pọ́ǹpù, ó dúró lórí 10.00. Mo bojú wo kẹ́ẹ̀gì. Epo fi ìka mẹ́rin jìnnà sí ìlà mi.

Mo ní, "Ọmọ mi, wò ó, kò pé." Ó ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Mo ní kó bá mi pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá jáde, ọmọ tí àkọ́bí mi lè rán níṣẹ́, ó di ìgò omi tútù mú, ó ń fi nu iwájú orí. Ẹ gbọ́ ohun tó wí: "Mọ́mì, kẹ́ẹ̀gì yín ló wú. Oòrùn ló ń fẹ̀ ẹ́." Kẹ́ẹ̀gì wú! Ṣé ó lóyún ni? Mo ní kó gbé garawa ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ pọ́ǹpù wò jáde, ká wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ayé. Ó ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè. Ọ̀kan tilẹ̀ yọ orí, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ríbi lọ jàre." Ẹni tí wọ́n máa tó rẹ́ jẹ nìyẹn o!

Ìgbà yẹn ni máníjà wá fara ti ilẹ̀kùn mọ́tò mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Tí ẹ bá ń pa AC, tí ẹ ń fẹ́ táyà yín dáadáa, tí ẹ kì í tẹ mọ́tò lójijì, epo yín á pẹ́. Tí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, ẹ fi sí níútrà."

Ìwọ? Ìwọ tí epo mi ṣì wà nínú ihò ilẹ̀ rẹ?

Ta ni kò fẹ́ táyà? Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, òun ni mo ń gbé lọ bá fọganáísà láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Fọganáísà á ní òun mọ̀ ju ìwé lọ, géèjì tirẹ̀ sì rèé, ó ti kú. Mo ti pààrọ̀ fílítà, mo ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, mo ti kó gbogbo ẹrù kúrò ní búùtù. AC ọ̀hún, mi ò rántí ìgbà tí mo tàn án kẹ́yìn. Tí níútrà yẹn, kí jíà kankan má wọlé, ló wá le jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi níútrà sọ̀ kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wá. Mọ́tò tó ń lo ínjẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì, bí jíà bá wọlé tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí ẹ ń tẹ̀ kó lè sáré, fúnra rẹ̀ ló ń dá epo dúró. Tó bá wà ní níútrà, ó gbọ́dọ̀ máa mu epo kí ẹ́ńjìnì má bàa kú. Ẹ ò rí epo ṣọ́, ẹ́ńjìnì ò sì bá yín di mọ́tò mú mọ́, ó wá ku ẹ̀yin àti bíréèkì.

Kẹ́ ẹ sì wo iye tí a ń rà á. Títí di ìgbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà kan kò tó 200 náírà. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti fo 1,000. Ìka mẹ́rin inú kẹ́ẹ̀gì yẹn, owó ata àti ẹja nìyẹn.

Ẹ ní ká má tẹ mọ́tò lójijì. Níbo? Lójú ọ̀nà tí kòtò ń pe kòtò rán níṣẹ́? Abí ní Òkèyinmi, tí ọlọ́kadà á fò sẹ́nu mọ́tò lójijì? Ẹni tó bá sì ti ní sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́ kù níwájú ilé rẹ̀, ó di bọ́m̀pù lójú títì. Jíà kìíní, jíà kejì, bíréèkì, ó tún yá. Àwọn tó ń bá wa wọkọ̀ ọ̀fẹ́ ńkọ́? "Ẹ̀ ń lọ sí Basírì, àbí?" Kò sẹ́ni tó ń ju 100 náírà sílẹ̀. "Olúwa á bù sí i." Kó bù ú sínú táǹkì!

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí wọ́n máa fi pọ́ǹpù yẹn wọn owó oṣù máníjà fún un. Tó bá ṣí i kà tí kò pé, kí wọ́n ní àpò rẹ̀ ló wú.