Awò òru kì í sọ òru di ọ̀sán fún sójà

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń jiyàn nípa ogun, àgàgà lórí Facebook àti WhatsApp: pé sójà tó bá ti gbé awò òru (night vision), ìyẹn awò tí wọ́n fi ń ríran nínú òkùnkùn, sójú, bí ọ̀sán gangan ni ilẹ̀ ṣe rí fún un, kò sí ẹni tó lè fara pamọ́ fún un, ìbọn rẹ̀ kò sì lè tàsé. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé awò náà ń rí inú ilé láti ẹ̀yìn ògiri. Irọ́ ni. Ó sì yẹ ká sọ ọ́ síta pé irọ́ ni, torí òun ló ń mú káwọn èèyàn rò pé ẹnikẹ́ni tí ológun bá pa lóru, wọ́n ti mọ ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tó yìnbọn.

Oríṣi irinṣẹ́ méjì ló wà, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Èkíní ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ di púpọ̀. Lẹ́ǹsì iwájú rẹ̀ á kó ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àti ti ìràwọ̀ jọ sórí awo pẹlẹbẹ kan. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní ìran kẹta, èròjà kan tó ń jẹ́ gallium arsenide ni wọ́n fi ń bo awo yìí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, á tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún iná mànàmáná tó kéré jọjọ) sílẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì kó wọ inú awo gíláàsì mìíràn tó ní ihò tó lé ní mílíọ̀nù kan, tí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ tó irun orí. Bí wọ́n ṣe ń gbá ara ihò náà ni wọ́n ń tú òmíràn jáde, títí ọ̀kan á fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lu ojú àwòrán kékeré kan tó ń tàn ní àwọ̀ ewé tàbí funfun. Ojú àwòrán yìí ni sójà ń wò. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ bóyá aṣọ pupa tàbí búlúù ni ẹni iwájú rẹ̀ wọ̀.

Ohun tó bá wà nílẹ̀ nìkan ni irinṣẹ́ yìí lè sọ di púpọ̀. Òdo ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, òdo náà ni. Nínú ihò àpáta, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, tàbí lábẹ́ igbó kìjikìji lálẹ́ tí kò sóṣùpá, ojú àwòrán á kàn máa ta tó-tò-tó ni. Àfi kí sójà tan iná infrared tí ojú lásán kò rí. Àmọ́ ọ̀tá tó bá ní irú awò kan náà á rí iná yẹn kedere, á sì mọ ibi tó ti wá. Wàhálà yìí ti wà látìgbà tí irinṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀: Vampir tí àwọn ará Jámánì so mọ́ ìbọn nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, àti ìbọn kábáìnì tí àwọn ará Amẹ́ríkà lò ní Okinawa lọ́dún 1945, iná tiwọn ni wọ́n ń gbé kiri. Bátìrì Vampir wúwo ju kìlógíráàmù 10 lọ, ẹ̀yìn ni sójà ń gbé e pọ̀n sí. Ìgbà ogun Vietnam ni AN/PVS-2, awò orí ìbọn ti àwọn ará Amẹ́ríkà, dé, tó ń lo ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ láìtan iná kankan.

Ibi tí awò náà ń rí kò sì fẹ̀. PVS-14, awò òru olójú kan tí bátìrì AA kan ṣoṣo ń gbé, ìwọ̀n 40 (dígírì) ni ojú rẹ̀ fẹ̀ mọ. Ojú èèyàn méjèèjì lápapọ̀ tó nǹkan bí 200. Bí ẹni ń fi ihò páìpù wo ọjà ló rí: sójà gbọ́dọ̀ máa yí orí kiri láìdúró. GPNVG-18 tó ní ojú mẹ́rin kò kọjá 97. Bí sójà bá sì ti yí lẹ́ǹsì sí ohun tó wà lọ́nà jíjìn, ilẹ̀ tó ń tẹ̀ á ru gùdù sí i lójú, á máa kọsẹ̀ níbi tí kò yẹ. Títò ó pàápàá ní ètò: lẹ́ǹsì ẹ̀yìn, tó wà lápá ojú, ni kí ó kọ́kọ́ yí títí àmì tó-tò-tó inú àwòrán á fi mú kedere, kó tó wá yí ti iwájú. Ẹni tó bá dà á rú á máa fi lẹ́ǹsì iwájú wá ohun tí kò sí níbẹ̀, àwòrán kò ní mọ́, orí á sì máa fọ́ ọ.

Oríṣi kejì ni kámẹ́rà tó ń wo ooru. Kò bèèrè ìmọ́lẹ̀ rárá, torí pé ìtànṣán ooru tí gbogbo nǹkan ń tú jáde ló ń gbà. Òun ni wọ́n ń purọ́ mọ́ jù nípa ògiri. Ojú ògiri ló ń rí, kò rí ẹ̀yìn rẹ̀. Gíláàsì fèrèsé gan-an kò jẹ́ kí ooru yìí kọjá: ẹni tó bá jókòó nínú mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì lè pòórá pátápátá, kó jẹ́ òjìji ooru ẹni tó ń wo kámẹ́rà ni yóò hàn lára gíláàsì. Torí náà germanium, èròjà kan tó ń jẹ́ kí ooru yìí kọjá àmọ́ tó wọ́n gan-an, ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́ǹsì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ooru òkúta, ilẹ̀ àti irin máa ń bá ara wọn dọ́gba, àwòrán á sì ṣá. Níbi tí ilẹ̀ bá gbóná tó ara èèyàn, èèyàn á rì sínú ilẹ̀ lójú kámẹ́rà.

Ṣùgbọ́n ìṣòro tó tóbi jù lọ kò sí nínú òkùnkùn. Rírí nǹkan yàtọ̀ sí mímọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1958, John Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Fort Belvoir, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò dòní. Bí a bá fi píksẹ́lì kámẹ́rà òde òní, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, sọ ọ́: ó tó píksẹ́lì 2 lórí nǹkan kí olùwòran tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, 8 kó tó mọ̀ pé èèyàn ni, àti nǹkan bí 13 kó tó mọ irú èèyàn tó jẹ́. Bó bá tiẹ̀ pé bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Kámẹ́rà tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 12, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35, píksẹ́lì kan rẹ̀ á bo sẹ̀ǹtímítà 34 ní mítà 1,000. Ká ní àyà èèyàn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50. Sójà á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ láti nǹkan bí mítà 730. Kó tó mọ̀ pé èèyàn ni, ó di mítà 182. Kó tó mọ irú èèyàn tó jẹ́, ó di mítà 112. Láàárín mítà 112 sí 182, àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká àti ẹni tó gbé ìbọn lè jẹ́ àmì funfun kan náà. Ìbọn sì ń pa èèyàn kọjá mítà 182 dáadáa.

Lésà tí sójà fi ń tọ́ka ibi tí ìbọn rẹ̀ dojú kọ kò yí èyí padà. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìbọn ni wọ́n ń so ó mọ́, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tò ó pọ̀ mọ́ ìbọn ní ìwọ̀n jíjìn kan pàtó. Bí ìbọn bá já bọ́, tàbí bí skúrù rẹ̀ bá tú díẹ̀, ó ti yẹ̀ nìyẹn. Lésà ń lọ tààrà, ọta ń rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jìnnà. Ibi tí a tọ́ka sí ni ó ń fi hàn, kò mọ ẹni tó dúró síbẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1991, nínú ogun Gulf tí Amẹ́ríkà bá Ìráàkì jà, ẹlikópítà Apache Amẹ́ríkà kan tó ní kámẹ́rà ooru yìn mísáìlì lu ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà méjì. Sójà méjì kú. Awakọ̀ ẹlikópítà náà rí àwọn ọkọ̀ náà. Ohun tí kò mọ̀ ni ọkọ̀ ta ni wọ́n jẹ́. Nínú ogun yẹn lápapọ̀, sójà Amẹ́ríkà 35 ló kú lọ́wọ́ ara wọn. Nílé wa ńbí, ní òru ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2023, àwọn ará Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ìpínlẹ̀ Kaduna, péjọ ṣe Máólúdì. Dírónù àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù lù wọ́n. NEMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pàjáwìrì, ní òkú 85 ni wọ́n sin. Àwọn ológun fúnra wọn gbà pé wọ́n ṣi ìpéjọ náà túmọ̀, pé wọ́n fi í pe ti àwọn ajínigbé. Wọ́n rí àwọn èèyàn náà. Rírí kò gba ẹnikẹ́ni là.

Lẹ́yìn 1991, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ pánẹ́ẹ̀lì tó ń hàn lójú kámẹ́rà ooru mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì ń so iná infrared kékeré tó ń ṣẹ́jú mọ́ra. Ó ń ran ọmọ ogun lọ́wọ́ láti mọ ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tí ará abúlé lè so mọ́ra nínú wọn.

ENVG-B, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ sójà Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, pa oríṣi méjèèjì pọ̀ sínú awò kan. Ìlọsíwájú gidi ni, torí pé ibi tí ọ̀kan bá ti kùnà, èkejì lè rí i. Ìṣirò Johnson ṣì dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí mítà 112 di 224 nínú kámẹ́rà òkè yẹn, lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ di mìlímítà 70. Germanium á pọ̀ sí i, ẹrù á wúwo, ibi tí sójà ń rí nígbà kan náà á sì dín kù sí ìdajì.