SAP kọ́ ló kọ́kọ́ mú ọ̀wọ́n wá

Ẹ̀yin tí ẹ ní ayé dùn bí oyin títí Babangida fi gbé SAP (Structural Adjustment Programme, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba) dé ní 1986, ẹ rọra o. Láti 1981 ni owó epo rọ̀bì ti ń já wálẹ̀; ní 1982 Ààrẹ Shagari ti ṣòfin láti dín ọjà òkèèrè kù. Oṣù kìíní 1983 ni wọ́n lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, ará Gánà ló pọ̀ jù, báàgì wọn sì di "Ghana Must Go" títí dòní. Ní 1984, àwọn ìyá wa ti ń tò nítorí mílíìkì. SAP wulẹ̀ wá dá kún un ni: náírà já, ọkọ̀ tuntun di ohun tí a kàn ń fojú wò, Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun, wá di orúkọ àlòkù mọ́tò. (Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì ń bínú.)