Ẹni Tó Ń Ṣe Fisiotẹ́rápì Kì Í Ṣe Awọ́ra Lásán

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp ní Abẹ́òkúta pé àwọn tó ń ṣe fisiotẹ́rápì, ìtọ́jú tó ń mú kí ara aláìsàn lè ṣiṣẹ́ padà, kò ju awọ́ra lọ, pé ẹni tó bá kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta ti tó. Irọ́ ni. Ọdún 5, ó kéré tán, ni wọ́n ń lò ní yunifásítì, bíi ti Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Wọ́n á tún fi ọdún 1 ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà nílé ìwòsàn, kí ìgbìmọ̀ ìjọba, MRTB, tó fún wọn níwèé àṣẹ.

Ohun tó ń dùn mí ni ìpalára tí irọ́ yìí ń fà. Bí sítírókù bá mú ènìyàn, èjìká apá tó rọ lè sọ̀ kúrò ní oríkèé rẹ̀. Aláìmọ̀kan á fa apá yẹn láti gbé e dìde, á sì ba èjìká jẹ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á di ara aláìsàn náà mú, kò ní fa apá. Ẹsẹ̀ kan tó wú, tó gbóná, lẹ́yìn ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wá sílé yín ní Kútọ̀ tàbí Adátán, ẹ ní kó mú ìwé MRTB tọdún yìí jáde kó tó fọwọ́ kan màmá yín.