Orúkọ ẹni tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ni kó wà lórí ìròyìn

Inú ń bí mi láti àná. Ta ló pàṣẹ pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn ò gbọdọ̀ ní ojú ewé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí yóò fi gba ìwé-ẹ̀rí? Ọ̀gá oníròyìn kan ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé kan ní Ìbarà, gbogbo èèyàn sì ń mirí sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn níbí ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó lọ ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí iṣẹ́ ṣe rí, nílé iṣẹ́ ìròyìn kan, kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an ju kó lọ ra oúnjẹ, kó sì tún ìkéde tí ìjọba fi ránṣẹ́ tẹ̀. Ló bá dá ara rẹ̀ níṣẹ́, ó gba Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, lọ. Ó jókòó ti àwọn ìyá aláró, ó bèèrè iye tí aró àti sódà ti di báyìí, ó wo bí wọ́n ṣe ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣọnà sára aṣọ. Ó bi wọ́n léèrè aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n kàn ya ọnà àdìrẹ sí, tó ń wọlé lówó pọ́ọ́kú. Ìyá kan fa àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ yọ nínú àpótí, wọ́n ní kó fọwọ́ kàn án, kó tún fọwọ́ kan ti ẹ̀rọ, kó wá sọ èyí tó jẹ́ aṣọ.

Mo ka ìròyìn yẹn sókè fún gbogbo ará ilé mi. Nígbà tí wọ́n máa gbé e jáde, “láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa” ni wọ́n kọ sí i. Ọmọ náà bi wọ́n, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni.

Èmi ni mo ní kó ra àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti déètì. Ṣé òfin lòdì sí i ni? Abala 39 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé ìròyìn sílẹ̀. Tẹlifíṣàn àti rédíò ló nílò àṣẹ. Òfin 2011 tó ní ká lè bèèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì dáhùn láàárín ọjọ́ 7, kò ní kẹ́nikẹ́ni kọ́kọ́ mú ìwé-ẹ̀rí wá. Àti pé ìlú wo la tilẹ̀ wà? Níbí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde lọ́dún 1859, tó ń tà á ní owó ẹyọ 120. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ta ló fún un ní ìwé-ẹ̀rí oníròyìn?

Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa kọ irọ́. Irọ́ tó ń wọ orí fóònù mi lójoojúmọ́, àgbàlagbà ló ń fi í ránṣẹ́. Ẹni tó kàn ń da ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré kọ láti fi kó èrò jọ, kì í ṣe òun ni mò ń gbèjà. Ẹni tó dé ọjà Làfẹ́ńwá fúnra rẹ̀ ni mò ń sọ, tó gba ohùn sílẹ̀, tó pe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kó lè sọ tẹnu rẹ̀.

Ohun tí ọmọ wa ṣe gan-an nìyẹn lẹ́yìn náà. Ó kọ̀wé nípa owó tí àwọn kan ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà láìfún wọn ní rìsíìtì. Ohùn àwọn ìyá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tẹ́nì kan fi pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bèèrè ta ló wà lẹ́yìn ọmọ wọn. Abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, èyí tó kan irú nǹkan bíi fífi irọ́ ránṣẹ́, ni wọ́n sábà máa ń fi mú oníròyìn, wọ́n sì ti ń lò ó lọ kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2024, àti lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 3. Ilé iṣẹ́ ìròyìn ní lọ́yà. Àwa nìkan lọmọ yìí ní.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún un kó yọ ọ́ kúrò. Mo ní òtítọ́ ló kọ. Wọ́n ní, “Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ṣé òtítọ́ ló máa gba béèlì rẹ̀?”

Mi ò tíì rí èsì fún wọn. Ẹ̀yin lọ́yà tẹ́ ẹ wà níbí, tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é, ta ni ká kọ́kọ́ pè?