Yẹtí Inú Àpamọ́wọ́

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìwà mímọ́ ṣe ń bá èèyàn lójijì, kó lọ dúró sí Ọláìyá ní Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Sísítà á sọ̀ lórí ọ̀kadà, á yọ yẹtí ọ̀tún, á yọ tòsì, á wé méjèèjì sínú áńkáṣíìfù, á tì wọ́n sínú àpamọ́wọ́. Á fi ìka nu ètè. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti di ẹni ìràpadà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán. Kí ọ̀kadà tó gbé e dé Òkè-Fíà, yẹtí ti padà sétí. Nínú gbogbo ìsìn ọjọ́ yẹn, oore-ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi túká nìkan ló rí lò.

Mi ò bá a wí. Pétérù gan-an ṣe é ní Áńtíókù: ó ń bá àwọn Kèfèrí jẹun fàlàlà, àfi bí àwọn ará ọ̀dọ̀ Jákọ́bù ṣe yọ, ló bá fà sẹ́yìn. Pọ́ọ̀lù ò bò ó lábẹ́ aṣọ o, ojú gbogbo wọn ló ti ko ó lójú. Ọ̀rọ̀ ìkọlà ni tiwọn nígbà yẹn. Tiwa ti di ṣòkòtò obìnrin.

Ẹni tó bá gbàgbé ìborí, apẹ̀rẹ̀ síkáàfù àyálò ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò lè fojú inú wo òórùn ẹ̀: ìpara irun oríṣiríṣi orí, òógùn ìsọjí, gbogbo ẹ̀ ti di ọ̀kan. Wọ́n wé ọ̀kan fún Bísí ọmọ mi lóṣù tó kọjá. A ní kí Ẹ̀mí bà lé e, làpálàpá ló bà lé e.

Díákónì tó ń ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ yìí, ojú ẹ̀ mú. Ó lè rí ẹ̀gbà ọrùn lábẹ́ bùbá. Lọ́jọ́ Ajé, gàrí ló ń tà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ sì lèmi àti Bísí lọ. Mo tọwọ́ bọ inú kọ́ńgò, ìdí ẹ̀ ti wú wọnú bí ẹ̀yìn ìjàpá.

"Díákónì, kí ló ṣe kọ́ńgò yín?"

"Ó já bọ́ ni, Bàbá Bísí."

Kọ́ńgò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já bọ́, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì fi gbá ilẹ̀. Àwọn Farisí inú Mátíù 23 ń san ìdámẹ́wàá ewé mìńtì, wọ́n wá fi ìdájọ́ òdodo àti àánú sílẹ̀. Díákónì náà ń san ìdámẹ́wàá, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Kódà, ó ń san ti gàrí tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹ̀ nínú kọ́ńgò mi.

Bó ṣe ń di ọ̀rá gàrí lọ́wọ́, ojú ẹ̀ ló bá èékánná Bísí. Ó mi orí, ó pòṣé.

"Bísí, ìwọ náà ń kun èékánná? Ṣé bí ọmọ Ọlọ́run ṣe ń ṣe nìyẹn?"

Ọwọ́ tí ọmọ náà fi ń họ làpálàpá ló ń wò.